Ọ̀rọ̀ Èèrà Tí Mo Fi Ṣe Yẹ̀yẹ́

Ìwọ̀n ni wọ́n kọ́kọ́ fi lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Kì í ṣe abẹ́rẹ́, kì í ṣe oògùn, ìwọ̀n lásán tí èèyàn ń gùn. Mo ti rò pé lẹ́yìn gbogbo ìwé tí mo kà, wọ́n á fún mi ní ohun tó gbayì. Mátíróònù wa, ìyá gíga kan tí kì í rẹ́rìn-ín kí aago mẹ́wàá tó lù, wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì tuntun, gbogbo ẹni tó bá wọlé lónìí, wọn bó ṣe wúwo tó, fi tépù wọn yíká ikùn rẹ̀, kọ ọ́ sí káàdì. Má fi ojú wọn ẹnikẹ́ni o." Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Nínú mi lọ́hùn-ún, mo ń fi ìyá náà rẹ́rìn-ín. Ta ni kò lè fi ojú mọ ẹni tó sanra?

Ọjọ́rú ni ọjọ́ àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru àti àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ jẹ́ n sọ tòótọ́ fún yín: n kò rí ẹlẹ́tàn tó tó wọn rí. Kí wọ́n tó gun ìwọ̀n, wọ́n á tú gèlè, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á yọ yẹtí, wọ́n á kó kọ́kọ́rọ́ lé orí tábìlì. Ìyá kan tilẹ̀ yọ awò ojú rẹ̀. Mo ní, "Màmá, kí ni awò ṣe?" Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ó wúwo o, dígí gidi ni." Bàbá kan wà tó jẹ́ pé bó bá ti gun ìwọ̀n báyìí, á fi ìka kan ṣoṣo di ojú fèrèsé mú, á wá gbójú sókè bí ẹni tó ń gbàdúrà. Mo máa ń gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni. Ṣíọ̀! Bí ẹni pé èmi ni mo fẹ́ ra ẹran ara rẹ̀.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ààwẹ̀ wọn. Kì í ṣe ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, kì í ṣe ti Ràmàdáánì. Ààwẹ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò ni. Láti ọjọ́ Ajé ni wọ́n á ti pa ẹnu dé, omi ewúro nìkan ni wọ́n á máa mu, tó fi jẹ́ pé bí mo bá gún ìka wọn láàárọ̀ Ọjọ́rú, ṣúgà wọn á ti wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Wọ́n á gba káàdì, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kí n tó fọ ọwọ́ mi tán, wọ́n ti wà lábẹ́ igi lẹ́yìn ilé ìwòsàn, wọ́n ti rẹ gàárì, wọ́n ti ń da ṣúgà sí i bí ẹni tó ń dí ihò. Mátíróònù á yọjú lójú fèrèsé, á ní, "Ẹ kú oríire o, ẹ̀yin tí ẹ yege!" Wọ́n á máa dá a lóhùn pé àmín. Wọn kò mọ̀ pé èébú ni.

Ẹni tó bá sanra láàárín wa, wọ́n á ní ayé ń yẹ ẹ́. Ẹni tó bá fọn, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bóyá nǹkan ti dé bá a. Alágbo kan sì wà tó máa ń polówó nínú ọkọ̀ tí mo ń wọ̀ bọ̀ láti Àgọ́-Ìwòyè. Ó ní àgbo òun ń fa ikùn wọlé, ó ń lé jẹ̀díjẹ̀dí, ó ń jẹ́ kí ojú ríran. Ikùn tirẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Oníṣòwò, ìwọ kì í mu nínú rẹ̀ ni?" Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì ṣépè fún mi. Ṣé ẹ ti wá mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Mo lẹ́nu bí abẹ, mo sì gbádùn rẹ̀.

Nígbà tí Mátíróònù fẹ̀yìn tì, èmi ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn nọ́ọ̀sì. Àsìkò náà ni Ìyá Ṣọlá ń wá sọ́dọ̀ wa ní gbogbo Ọjọ́rú nítorí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ń fẹ́ ru. Ìyá Ṣọlá sanra. N kò ní bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀: bẹ́ǹṣì wa máa ń ké nígbà tó bá jókòó. Obì ló ń tà. Á lọ rà á ní Mamu, á gbé e wá sí Ìjẹ̀bú-Igbó, á bó o, á fi ewé dì í sínú agbọ̀n fún àwọn tó ń kó o lọ sí òkè Ọya. Ẹsẹ̀ ló máa ń fi rìn wá sí ilé ìwòsàn, nítorí ó ní àwọn ọlọ́kadà ń fi òun ṣẹ̀sín pé táyà àwọn á bẹ́.

Ọkọ rẹ̀ ló máa ń tẹ̀ lé e wá, àbí kí n sọ pé ó máa ń ṣíwájú rẹ̀ dé, nítorí ọ̀kadà ni òun ń gùn. Ọ̀gá Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é. Ọ̀gá àgbà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì, òun náà ló sì ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ́jọ́ Àìkú. Ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọrùn rẹ̀ gùn, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í hunjọ. Á jókòó síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, á ṣí ìwé ìròyìn, á sì ṣí ìgò mọ́ọ̀tì tútù kan lé e, nítorí ó ní mọ́ọ̀tì ń fún èèyàn lẹ́jẹ̀. Ikùn róbótó kan wà lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà o. Mo rí i. Mo pè é ní ikùn àgbà, mo sì gbójú kúrò.

Ọ̀gá Tíṣà á ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi bá ìyàwó mi wí. Ilẹ̀kùn ilé wa ti fẹ́ kéré."

Èmi á ní, "Ìyá Ṣọlá, ẹ ò wo ọkọ yín? Ẹ̀yin méjèèjì kọ́ lẹ jọ ń jẹun nínú ilé kan náà ni?"

Ọ̀gá Tíṣà bi mí lẹ́ẹ̀kan bóyá kí òun náà gba káàdì, kí n yẹ òun wò. Mo ní, "Ẹ̀yin kẹ̀? Ọ̀gá, ẹ má bá wọn du àyè. Ẹ jókòó yín, ẹ máa ka ìwé ìròyìn." Inú rẹ̀ dùn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń jókòó ní Ọjọ́rú gbogbo nínú ilé ìwòsàn, láàárín ìwọ̀n àti tépù, tí ẹnikẹ́ni kò wọn ohunkóhun lára rẹ̀.

Ní Ọjọ́rú kan, Ìyá Ṣọlá sún mọ́ tábìlì mi. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń fi àṣírí lé èèyàn lọ́wọ́. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó wò. Ọkọ mi ń tọ̀ jù. Ibi tó ń tọ̀ sí lẹ́yìn ilé, èèrà ti yí i ká."

Ó yẹ kí n dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìyá mi àgbà tí kò mọ a yàtọ̀ sí b mọ̀ pé ìtọ̀ tí èèrà bá ń bò, ṣúgà ń bẹ nínú rẹ̀. Èmi tí mo wọ aṣọ funfun, tí mo so aago mọ́ àyà, kí ni mo ṣe? Mo gbé ohùn mi sókè kí gbogbo yàrá lè gbádùn rẹ̀. Mo ní, "Ìyá Ṣọlá! Ẹ fi ìtọ̀ onítọ̀ sílẹ̀, ẹ mójú tó ikùn tiyín! Bóyá àwọn èèrà yẹn ń wá oúnjẹ ni, nígbà tí ẹ kò jẹ́ kí ó kù nínú ilé!"

Yàrá náà dàrú fún ẹ̀rín. Ọ̀gá Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀ nu. Ìyá Ṣọlá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó na apá rẹ̀ sí mi kí n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé dókítà kan wá fún wa, Dókítà Bánkọ́lé, ọmọ ìlú Awa. Ojú rẹ̀ kéré débi pé mo rò pé ọmọ aláìsàn kan ló ṣìnà wọ ọ́fíìsì. Ọ̀sẹ̀ tó dé gan-an, ó nàka sí Ọ̀gá Tíṣà, ó ní, "Màmá, káàdì bàbá yẹn dà?"

Mo ní, "Kò ní káàdì. Ó tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀ wá ni."

Ó ní, "Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe tín-ín-rín, ẹ wá wo ikùn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní káàdì. Kó wá ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀ kí a gún ìka rẹ̀."

Mo pòṣé. Mo sọ fún Ọ̀gá Tíṣà pé ọmọ àná kan fẹ́ fi í kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá náà sì lọ sílé, ó ṣe ohun tí gbogbo wọn ń ṣe. Ẹ fetí sílẹ̀ o. Ẹni tó fi pàṣán na àwọn ọmọ nítorí pé wọ́n yọjú wo ìwé ẹlòmíràn nínú ìdánwò, òun náà ló fi ebi pa ara rẹ̀ fún ọjọ́ méjì, tó mu omi ewúro láàárọ̀ àti lálẹ́, kó lè yege lọ́wọ́ ẹ̀rọ kékeré kan! Mo mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, ó ń fọ́nnu, èmi náà ń bá a rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ti ń fi àwọn aláàwẹ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò ṣe ẹlẹ́yà láti ìgbà tí mo ti wà ní ọ̀dọ́, mo mọ̀ pé ẹni yìí ṣe é, mo sì ní kò burú, nítorí pé ó tín-ín-rín.

Ẹ̀rọ ní ara rẹ̀ dá. Dókítà ní òun ṣì fẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sí Àgọ́-Ìwòyè fún àyẹ̀wò kejì, èyí tó máa ń sọ bí ṣúgà ṣe rí nínú ẹ̀jẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ìyẹn kò ṣeé fi ààwẹ̀ ọjọ́ méjì tàn. Mo ní, "Dókítà, ẹ jẹ́ kí bàbá sinmi. Ẹni tí ara rẹ̀ dá, kí la tún ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀?" Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà, ó gbà fún mi. Mo kọ "Ó dára" sí káàdì Ọ̀gá Tíṣà, mo fi ìlà méjì sí abẹ́ rẹ̀.

Oṣù mélòó kan kọjá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí kì í ṣe Ọjọ́rú, Ìyá Ṣọlá wọlé, ó di ọkọ rẹ̀ mú lápá. Bàtà tuntun ló há a lẹ́sẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó bó o díẹ̀. Ọ̀gá Tíṣà ní kò dun òun rárá, ìyàwó òun ló ń pariwo. Mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Háà! Òórùn ló kọ́kọ́ bá mi. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ náà ti dúdú bí èédú, ẹsẹ̀ sì tutù bí ẹja inú yìnyín. Mo fi abẹ́rẹ́ kàn án, ó ń wo ojú mi, kò mọ̀ pé mo kàn án.

Dókítà wá, ó wò ó, ó ní kí wọ́n pe ọkọ̀. Kí ọkọ̀ tó dé, ó gún ìka rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Ọ̀gá Tíṣà kò gba ààwẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò tilẹ̀ lè ka iye ṣúgà tó wà níbẹ̀, ó kàn kọ pé ó ti ga jù.

Ní ilé ìwòsàn ńlá tí a gbé e lọ, Dókítà Bánkọ́lé fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò pariwo mọ́ mi. Ìbá ṣe pé ó pariwo, ìbá sàn fún mi. Ó ní, "Màmá, ọ̀rá tó wà ní ìdí àti itan kò ní wàhálà púpọ̀. Èyí tó bá wọ inú ikùn lọ, tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀ àti ìfun, ìyẹn kì í jókòó jẹ́ẹ́. Ó máa ń tú nǹkan sínú ẹ̀jẹ̀, awọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ á sì máa wú, á máa gbóná, bí òkè ẹnu ṣe ń rí lẹ́yìn tí èèyàn bá fi ìwọra mu ẹ̀kọ gbígbóná. Ṣúgà tó pọ̀ jù á tún máa ha ibẹ̀. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ á wá lẹ̀ mọ́ ibi tó ti wú yẹn, ọ̀nà á fún, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè dé ìka ẹsẹ̀ mọ́."

Mo ní, "Ìyàwó rẹ̀ tó sanra ńkọ́?"

Ó ní, "Ó yẹ kó dín in kù. Orúnkún rẹ̀ ń jìyà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń fẹ́ ru. N kò ní sísanra dára. Ṣùgbọ́n ó ń rìn, ó ń ru agbọ̀n, ṣúgà rẹ̀ wà níbi tó yẹ kó wà. Ọkọ rẹ̀ ń jókòó, ó ń mu mọ́ọ̀tì. Bí èèyàn ṣe tóbi tó nìkan kọ́ ló ń sọ bí iṣan rẹ̀ ṣe rí, mà."

Mo ti mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ló dùn mí jù. Wọ́n kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, Mátíróònù sì tún un sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an. Ojú ni mo fi wọn gbogbo èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí mo ń jẹ owó oṣù lé e lórí. Nọ́ọ̀sì wo nìyẹn? Alágbo inú ọkọ̀ sàn jù mí lọ, nítorí kò wọ aṣọ funfun.

Wọ́n gbìyànjú láti gba ẹsẹ̀ náà là. Wọ́n gé ìka kan, ó dúdú sí i. Wọ́n gé méjì, kò dúró. Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gé e nísàlẹ̀ orúnkún, mo bá Ìyá Ṣọlá lórí bẹ́ǹṣì níta yàrá iṣẹ́ abẹ. Ó fi aṣọ bo orí, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lórí bàtà ọkọ rẹ̀ méjèèjì tí àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kó fún un. Mo kúnlẹ̀. Mo dàgbà jù ú lọ, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀.

Mo ní, "Ìyá Ṣọlá, ẹ ti sọ fún mi. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ èèrà yẹn fún mi, mo gbọ́, mo sì fi yín ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ̀bi mi ni. Ẹ forí jì mí."

Ó wò mí pẹ́. Ó ní, "Ẹ dìde, Nọ́ọ̀sì, ilẹ̀ tutù." Lẹ́yìn náà, ó ní, "Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ronú kí n tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún yín. Mo ní ṣé kí n sọ, àbí kí n má sọ, wọ́n á tún bú mi. Mo wá sọ ọ́ nítorí pé ọkọ mi ni." Kò sunkún, kò gbé ohùn sókè, kò sì sọ pé òun dárí jì mí.

Ọ̀gá Tíṣà kò kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ọ̀pá méjì ló fi ń rìn báyìí. Òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ wọ̀n ní Ọjọ́rú, ó sì máa ń jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni tó bá gba ààwẹ̀ wá pé aláìnírònú ni. Kò bá mi jà. Ó ń kí mi, ó ń bá mi ṣeré, ó tilẹ̀ rán ọmọ rẹ̀ sí mi pẹ̀lú iṣu lọ́dún Kérésìmesì. Ó rọrùn fún un láti gbàgbé, nítorí àwa méjèèjì la jọ rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà, n kò fi aláìsàn kankan ṣẹ̀sín mọ́. Tépù kì í kúrò lọ́rùn mi. Àwọn tó bá ní ẹni tó tẹ̀ lé wọn wá, mo ń wọn ẹni náà pẹ̀lú. Wọ́n ń sọ pé mo ti di èèyàn jẹ́jẹ́, pé àgbà ti dé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́.

Ní Ọjọ́rú tó kẹ́yìn kí n tó fẹ̀yìn tì, Ìyá Ṣọlá jókòó síwájú mi, ó na apá rẹ̀. Ó ti fọn díẹ̀. Mo wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, mo wọn ikùn rẹ̀. Mo fi sùúrù bi í, bí mo ṣe ń bi í ní Ọjọ́rú gbogbo láti ọdún wọ̀nyí wá, "Ìyá Ṣọlá, ṣé kò sí nǹkan kan tí ẹ kíyè sí lára yín, tàbí lára Ọ̀gá?"

Ó ní, "Kò sí o, Nọ́ọ̀sì. A dúpẹ́."

Mo kọ "Kò sí" sí káàdì rẹ̀. Ó dìde, ó kan ilẹ̀kùn Dókítà, ó wọlé. Ilẹ̀kùn náà kò pa dé dáadáa. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ tó rẹ̀ sílẹ̀, bó ṣe rí lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi. Ó ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tí àyà mi ti ń fún mọ́ mi bí mo bá ń gun òkè." Mo mú bírò, mo fa ìlà lórí ohun tí mo kọ, mo sì jókòó, mo ń dúró de Dókítà kó wá sọ fún mi ohun tí màá kọ.